Omi Gbígbóná Ìkógòsì àti Omi Ilẹ̀ Baba Wa: Ìtàn Omi Ìwòsàn fún Gbogbo Ọmọ Ẹgàn



Ó ti di àṣà nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú pé kí á máa kọ ìtàn oyè, ìtàn ọ̀nà àti ìtàn ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́dún yìí, ìtàn omi ni a fẹ́ kọ, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ni orúnkún ń dùn, tí ẹ̀yìn ń ro, tí wàhálà Èkó sì ti dá lágara. Àwọn ọmọ wọn a máa béèrè lọ́wọ́ wa pé, ‘Níbo ni a lè mú bàbá lọ kí ara wọn lè balẹ̀ díẹ̀?’ Orúkọ Ìkógòsì a sì máa jáde nínú ọ̀rọ̀ náà. Èkejì ni pé bí a ti ń wá omi ìwòsàn lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó yẹ kí á bojú wẹ̀yìn wo omi tí a fi sílẹ̀ nílé. A ó sọ ti àkọ́kọ́ títí, kí á tó fi ti èkejì kádìí ọ̀rọ̀.

Àwa ọmọ Àwórì kì í ṣe àlejò sí ìtàn omi. Àwọn baba wa sọ fún wa pé nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, àwo kan ni wọ́n gbé lé orí omi tí wọ́n sì ń tẹ̀lé. Ibi tí àwo náà bá dúró sí, wọn a dúró. Bí ó bá tún ṣí, àwọn náà a ṣí. Ní Ìṣẹ́rí, ní etí odò Ògùn, ni àwo náà ti yí po tí ó sì rì. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ibi tí àwo wà, wọ́n dáhùn pé, ‘Àwo ti rì.’ Ibẹ̀ ni orúkọ wa ti wá. Ìran tí omi fi ọ̀nà hàn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ omi.

OMI GẸ́GẸ́ BÍ OÒGÙN NÍLẸ̀ YORÙBÁ

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé omi kì í ṣe ohun mímu àti ohun ìwẹ̀ nìkan. Ní Òṣogbo, omi tútù odò Ọ̀ṣun ni àwọn ìyá ń bù fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, òun náà sì ni àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ ń mu. Títí di òní, nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ilẹ̀ yìí àti láti òkè òkun ni ó ń péjọ sí etí odò náà fún ọdún Ọ̀ṣun. Ní 2005 ni àjọ UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Nígbà tí ẹ̀sìn titun dé, ìgbàgbọ́ nínú omi kò kú. Aṣọ ni ó pààrọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1918 ni àrùn ìgbóná tí wọ́n ń pè ní influenza bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó, ó sì tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Ilé ìwòsàn kò tó nǹkan, àwọn dókítà pàápàá kò sì ní oògùn rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan tí J. B. Ṣàdàrè ṣe olórí fún kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlàmí, wà láàrin wọn. Ó sọ pé a fi hàn òun pé omi òjò ni kí àwọn aláìsàn máa lò. Láti ara ẹgbẹ́ kékeré yìí ni ọ̀kan nínú àwọn gbòǹgbò ìjọ Aládùúrà ti hù ní ilẹ̀ wa.

Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ọ̀ọ́yẹ̀ ní Iléṣà láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti jẹ́ awakọ̀ katakata tí a fi ń ṣe ọ̀nà rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó gbé omi wá nínú ìkòkò àti akèrègbè kí ó lè gbàdúrà sí i, ‘omi ìyè’ ni wọ́n sì ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ tàn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tí ó kú ní 1959. A mẹ́nu ba Ẹ̀fọ̀n nítorí pé ibi tí a ń lọ gan-an, Ìkógòsì, kò jìnnà sí ibẹ̀. Ilẹ̀ olókè yìí kan náà ni omi ìyè ti lókìkí, òun náà sì ni omi gbígbóná ti ń sun.

ÌKÓGÒSÌ ÀTI OMI MÉJÌ

Ìkógòsì jẹ́ ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, láàrin àwọn òkè tí igbó bò. Ẹni tí ó bá kúrò ní Ẹgàn yóò la Ìkòtún já, yóò bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn, yóò kọjá Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, kí ó tó kọrí sí ìhà Ẹ̀fọ̀n. Àwọn tí wọ́n bí sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi tiwa yóò mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀: ọ̀nà ń gùn, afẹ́fẹ́ ń tutù, etí a sì máa dí. Ìsun omi náà ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí mítà 450 sí 490. Ìpólé-Ìlórò, ibi tí omi Arinta ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, jẹ́ aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tí ó sọ Ìkógòsì di ìlú mímọ̀ ni pé omi méjì ni ó ń sun níbẹ̀. Ọ̀kan lọ́wọ́ọ́wọ́, èkejì tutù. Olúkúlùkù ń ṣàn ní ọ̀nà tirẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n sì pàdé ní ojú kan. Níbi ìpàdé náà, ènìyàn lè ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó sì ki ti òsì bọ inú omi tútù, kí ó mọ ìyàtọ̀ wọn dájúdájú. Lẹ́yìn náà ni méjèèjì di ọ̀kan, tí wọ́n sì jọ ń bá ọ̀nà wọn lọ lábẹ́ àwọn igi ńlá.

Àwọn àgbà ibẹ̀ kò ṣe aláìní ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà tí ó ní ìyàwó méjì. Inú ọ̀kan gbóná bí iná, inú èkejì sì tutù bí omi àmù. Ìjà àti asọ̀ kò jẹ́ kí ilé tòrò, títí ọ̀rọ̀ fi dójú ẹ̀ tán, tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan di omi gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀, tí ọkọ wọn sì di òkè tí ó ń wo àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá dàgbà sí agbo ilé olórogún kò ní rẹ́rìn-ín ìtàn yìí dànù. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé àwọn tí kò lè gbé inú ilé kan náà nígbà ayé wọn ni ó wá ń ṣàn pọ̀ báyìí láìsí ìjà, tí ìlú sì ń jẹ àǹfààní àwọn méjèèjì.

BÍ OKÒWÒ ÀTI ÌJỌBA ṢE DÉ IBẸ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, a ó kà á pé ní 1952 ni Ẹni-ọ̀wọ̀ John McGee, òyìnbó Amẹ́ríkà láti inú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ‘ṣe àwárí’ omi Ìkógòsì. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn onílé ń pọn, tí wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ kò nílò ẹni tí yóò ṣe àwárí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀tọ́ fún ẹni tí ẹ̀tọ́ yẹ. McGee ni ó kọ́kọ́ tún ibẹ̀ ṣe lọ́nà ìgbàlódé. Ó sọ ọ́ di ibùdó ìpàgọ́ fún àwọn ọmọ ìjọ, a sì fa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ìgbà náà, tí wọ́n ti di àgbàlagbà lónìí, ni ó jẹ́ pé inú omi yẹn ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ìlú náà wà nígbà náà. Ní 1976 ó bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ó di ti Èkìtì. Bí ìjọba ti ń yí ni ìtọ́jú ibẹ̀ náà ń yí. Ìgbà kan wà tí ibẹ̀ tòrò, tí wọ́n ń rọ omi rẹ̀ sínú ìgò tà káàkiri orílẹ̀-èdè; ìgbà kan sì wà tí koríko bo ọ̀nà, tí òrùlé ilé àlejò ń jò. Láàrin 2010 àti 2014, nígbà ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ tí ó ní ilé ìgbé àlejò àti gbọ̀ngàn ìpàdé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi àbójútó rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ẹ̀bùn Ọlọ́run kì í tọ́jú ara rẹ̀. Omi kò dẹ́kun sísun fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá kọ ẹ̀yìn sí i.

KÍ NI Ó MÚ OMI NÁÀ LỌ́WỌ́Ọ́WỌ́?

Àwọn mìíràn rò pé iná ń jó lábẹ́ ilẹ̀ ní Ìkógòsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òkè oníná ní ilẹ̀ Èkìtì. Ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ ni pé òkúta líle tí a ń pè ní quartzite ni ó wà lábẹ́ àwọn òkè ibẹ̀, òkúta náà sì ti sán, ó ní pàlàpálá púpọ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè, omi a máa gba inú pàlàpálá wọ̀nyí jìn wọ inú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí káàkiri ayé pé bí a bá ṣe ń wọ inú ilẹ̀ sí i ni ooru ń pọ̀ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ooru a máa fi dígírì 25 sí 30 lé fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Omi òjò tí ó ti jìn sísàlẹ̀ yóò yá ooru ilẹ̀, yóò sì wá ojú sísán mìíràn gbà padà sókè kí ó tó tutù. Omi tútù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní tirẹ̀, kò jìn lọ títí kí ó tó padà.

Ẹ jẹ́ kí á tún ọ̀rọ̀ kan ṣe níbí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó ni ó ń sọ pé dígírì 70 ni omi náà gbóná ní ojú ìsun rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ tí awọ rẹ̀ kò ní bó? Ní 1969 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, tí A. M. A. Imevbore àti O. S. Adégòkè wà lára wọn, gbé ìwádìí wọn jáde lórí omi Ìkógòsì, nǹkan bí dígírì 37 ni wọ́n sì wọ̀n ọ́n sí. Ẹ kíyè sí i pé bí ara ènìyàn tí ó dá ṣáṣá ṣe gbóná náà nìyẹn. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ kò ní gbọ̀n, kò sì ní làágùn. Ara rẹ̀ àti omi jọ wà ní ìwọ̀n kan náà. Òtítọ́ yìí tó ìyanu láìjẹ́ pé a fi irọ́ bù kún un.

ÀWỌN ARÁ ÌLÚ MÌÍRÀN

Ìkógòsì nìkan kọ́ ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà ní orílẹ̀-èdè wa. Ní Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, omi Wikki ń sun ní nǹkan bí dígírì 31, àwọn àlejò sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ní Yúróòpù, ìlú kékeré kan wà ní Belgium tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Spa. Omi ìwòsàn rẹ̀ lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ orúkọ ìlú náà di orúkọ gbogbo ibi tí a ti ń wẹ̀ fún ìlera.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ìlú Bath láàárọ̀ kí ẹ sì padà sílé lálẹ́. Omi ibẹ̀ gbóná ju ti Ìkógòsì lọ; dígírì 46 ni, ó sì ju mílíọ̀nù lítà kan tí ó ń tú jáde lójúmọ́. Àwọn ará ibẹ̀ náà ní ìtàn tiwọn: wọ́n ní ọmọ ọba kan tí ń jẹ́ Bladud ní àrùn ẹ̀tẹ̀, a sì lé e jáde láàfin, ó wá ń da ẹlẹ́dẹ̀. Ó rí i pé awọ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ dán lẹ́yìn tí wọ́n yíra nínú ẹrẹ̀ gbígbóná, òun náà wọ inú rẹ̀, ara rẹ̀ sì dá. Ìgbà tí àwọn ará Róòmù gba ilẹ̀ náà ní ọ̀rúndún kìíní, wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì àti ilé ìwẹ̀ ńlá síbẹ̀, wọ́n sì pe ìlú náà ní Aquae Sulis, nítorí òrìṣà obìnrin tí àwọn onílẹ̀ ń bọ níbi omi náà ń jẹ́ Sulis. Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀ṣun kò ní ṣe àṣìmọ̀ Sulis.

Ṣùgbọ́n ìtàn Bath ní apá kan tí kò dùn. Ní 1978, ọmọdébìnrin kan lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà, kòkòrò àìfojúrí kan tí ó ń gbé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì gba imú rẹ̀ dé ọpọlọ, ó sì pa á. Kíá ni wọ́n ti ibẹ̀ pa. Wọ́n gbẹ́ ojú ìsun omi mìíràn jìn wọlẹ̀ kí ìdọ̀tí òkè má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì di 2006 kí àwọn ènìyàn tó tún rí ilé ìwẹ̀ titun wọ̀ nínú ìlú náà. Omi tí ó ti lókìkí fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni a tì pa fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nítorí ìmọ́tótó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà náà ní tiyín. Ní ìpínlẹ̀ Georgia, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Warm Springs, dígírì 31 ni omi rẹ̀. Ní 1921 ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Franklin Roosevelt nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Ní 1924 ó lọ sí Warm Springs fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí i pé nínú omi náà òun lè gbé ẹsẹ̀ tí òun kò lè gbé lórí ilẹ̀, ní 1926 ó sì ra ibẹ̀, ó sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú fún àwọn tí àrùn náà ti sọ di arọ. Ó di ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin 1945.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí ẹ rí nínú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́, omi náà kò wo Roosevelt sàn. Kò tún dá rìn láìsí irin lẹ́sẹ̀ títí ó fi kú. Ìtùnú ni omi fún un, àti agbára láti máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun tí ó ṣẹ́gun àrùn náà ni owó tí ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1938 kó jọ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, tí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin 1955, ọdún mẹ́wàá gééré lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni wọ́n kéde pé abẹ́rẹ́ àjẹsára Jonas Salk ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là dé ọ̀dọ̀ wa, títí ó fi di oṣù kẹjọ 2020 tí a kéde pé rọpárọsẹ̀ inú ìgbẹ́ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Èkejì, wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú láti gba ìtọ́jú ní Warm Springs nígbà náà. Ní Tuskegee ní Alabama ni wọ́n wá ṣí ibi ìtọ́jú fún àwọn ènìyàn wa sí ní 1941. Ẹ̀yin ọmọ Ẹgàn, kò sí ẹni tí yóò béèrè àwọ̀ yín ní Ìkógòsì.

OHUN TÍ OMI LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Nítorí náà, ṣé kí á mú àwọn òbí wa lọ? A ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí á mú ọgbọ́n dání. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ a máa gbé ìwúwo ara kúrò lórí orúnkún, a máa tú iṣan tí ó le, a sì máa dín ìrora làkúrègbé kù fún ìgbà díẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkè, ìdákẹ́jẹ́ igbó, oorun àsùnwọra àti ìjìnnà sí ariwo ọkọ̀ ní ìṣẹ́ tiwọn láti ṣe lára ẹni tí ó ti lo ogójì ọdún nínú gìrìgìrì Èkó. Bí àrùn kan bá wà tí ìsinmi ń wò, ó dájú pé Ìkógòsì yóò wò ó.

Ṣùgbọ́n omi kò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kò wo àtọ̀gbẹ, kò sì wo egbò inú. A mọ ìyá kan láàrin wa tí àwọn ọmọ rẹ̀ mú lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ dán, ó ń jó bọ̀ wálé. Nígbà tí ó dé, ó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sínú àpótí, ó ní omi Èkìtì ti ṣe é tán. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí oṣù tó pé, ó ṣubú lójú àgbàlá, apá ọ̀tún kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ọlọ́run yọ ọ́, ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí Ìkógòsì ni ó ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí á kọ ọ́ sínú ìwé yìí, kí ẹlòmíràn má bàa ṣe bẹ́ẹ̀. ‘Ẹ sọ fún wọn,’ ni ó wí, ‘pé omi kò ní kí n má lo oògùn. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.’

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lọ, kí ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Kí ó kó oògùn rẹ̀ dání, kí ó sì máa lò ó bí ó ti yẹ. Kí aboyún àti ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu gba ìmọ̀ràn dókítà kí wọ́n tó wọ omi. Kí ẹni tí ó ní egbò má wọ inú omi tí gbogbo ènìyàn ń wẹ̀. Kí á má pẹ́ jù nínú omi, kí á sì máa mu omi mímọ́ bí a bá jáde. Kí á má jẹ́ kí omi wọ imú àwọn ọmọdé. Kí á má sì fi ọṣẹ tàbí ọ̀rá ba ibi tí àwọn onílé tọ́jú dè wá jẹ́.

OMI TÍ A FI SÍLẸ̀ NÍLÉ

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Ilẹ̀ Ẹgàn kò ní òkè, kò sì ní àpáta sísán. Yanrìn àti amọ̀ ni ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Omi òjò tí ó bá rọ̀ sí àgbàlá wa kì í rin ìrìn àjò jíjìn kí ó tó dé inú kànga; ohun tí a bá dà sílẹ̀ lónìí, òun ni a ó fà mu lọ́la. Àwọn baba wa mọ èyí. Nígbà tí oko àti igbó yí wa ká, tí ilé kò tó nǹkan, kànga wọn mọ́ gaara.

Ayé ti yí padà. Láti ìgbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983 tí ọ̀nà Ìgàndò sí Ìyánà-Ìbà sì kún fún èrò, ilé ti gba ibi tí igbó wà. Ṣáláńgá ẹnìkan àti kànga ẹnìkejì wá di aládùúgbò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan náà, ní Ìgàndò, ni ibùdó ìdalẹ̀sí Solous wà, níbi tí a ti kó ìdọ̀tí Èkó jọ di òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ yunifásítì ti yẹ ilẹ̀ àti kànga àdúgbò ibẹ̀ wò, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé omi ìdọ̀tí tí ó ń ro láti inú ààtàn náà ń wọ inú ilẹ̀, ó sì ń kan omi tí àwọn ènìyàn ń fà. Ohun tí wọ́n ṣe ní Bath nígbà tí omi wọn léwu ni pé wọ́n ti ibẹ̀ pa, wọ́n sì wá omi mímọ́. Kí ni àwa yóò ṣe?

Kò yẹ kí ènìyàn san owó ọkọ̀ lọ sí Èkìtì láti lọ wá ìlera, kí ó sì padà wálé wá mu àìsàn nínú ife. Nítorí náà, a bẹ gbogbo ọmọ ìlú lórí ohun mẹ́rin. Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa máa gbé omi kànga láti adúgbò kọ̀ọ̀kan lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, kí á sì tẹ èsì rẹ̀ sínú ìwé yìí bí a ti ń tẹ ìṣírò owó. Èkejì, kí ẹni tí ó bá ń kọ́lé jẹ́ kí ó kéré tán mítà 30 wà láàrin ṣáláńgá àti kànga, kì í ṣe kànga tirẹ̀ nìkan, ti aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, kí á máa se omi mímu kí á tó mu ún, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì yẹ kànga náà wò; ṣùgbọ́n kí á rántí pé sísè ń pa kòkòrò, kì í yọ májèlé ààtàn kúrò, nítorí náà kànga tí àyẹ̀wò bá ní kò dára, kí á pa á tì. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó ti àwọn àgbà tí ó ṣẹ́kù, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn odò àti ìsun omi ilẹ̀ wa sílẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀, kí orúkọ wọn má bàa sọnù bí wọ́n ti ń dí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ̀yin ni a ń wò. Owó tí ẹnìkan ń ná fún ìrìn ọjọ́ kan sí Bath tó láti fi yẹ kànga kan wò ní Ẹgàn. A kò ní kí ẹ má lọ. Ẹ lọ, ẹ wẹ̀, ẹ sinmi, kí ẹ sì rántí ilé.

Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù pàdé, wọ́n sì ń ṣàn pọ̀. Àwa tí a wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, a kò jìnnà sí ara wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Kí orísun wa má gbẹ, kí ó má sì dọ̀tí mọ́ wa lọ́wọ́.